Báwo ni Orúnkún? A Dúpẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Gbogbo ilé ń kí ọ, títí kan àga ìdí fèrèsé tí o máa ń jókòó lé, tí kò sí ẹni tí ó ń jókòó lé e mọ́ àfi ológbò. Mo gbà á ládùúrà pé ìdúró ni ìwé yìí yóò bá ọ, kò ní bá ọ ní ìdùbúlẹ̀. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kò ní di ẹjọ́ níwájú ọ̀gá rẹ, ẹ̀rọ tí ó ń gbé yín lọ sókè sódò níbi iṣẹ́ kò sì ní dá dúró pẹ̀lú rẹ láàárín òkè àti ilẹ̀. Àmín. Bàbá rẹ náà ti ṣe àmín, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀ kí ó tó ṣe é, ó ní bí mo bá gba gbogbo àdúrà tán lójú ìwé àkọ́kọ́, ibo ni a ó kọ ọ̀rọ̀ sí.

Bí o bá ń béèrè wa, a wà. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò níbi tí ó ti ń jò, kò tíì wá ibòmíràn. Adìẹ dúdú yẹn ti pa ọmọ, ológbò sì ń wo àwọn ọmọ náà bí ẹni tí ń wo oúnjẹ ọ̀la. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tí ó ń lo iná, ariwo rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ń rán ṣòkòtò lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò ni ó mọ ibi tí ó dé lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣèèyàn ṣá. Òun ni ó ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, nítorí pé àwọn tí ń ṣe abẹ́rẹ́ lóde òní ti ya ọ̀lẹ, wọn kì í lu ihò rẹ̀ já mọ́.

Fóònù tí o rà fún mi ń ṣe dáadáa, àfi pé nọ́ńbà inú rẹ̀ ti ń kéré sí i. Nígbà tí o gbé e wá, wọ́n tóbi bí ẹ̀wà, nísinsìnyí wọ́n ti di ìrẹsì, mo sì gbà pé bí ọṣẹ ṣe ń tán tí a bá ń lò ó ni fóònù náà ṣe ń tán. Mo máa ń fi í sí iná pẹ́ títí kí wọ́n lè wú padà. Lọ́jọ́ kan mo pè ọ́, ọkùnrin kan ni ó gbé e, ó ní òun kì í ṣe ọmọ mi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù. Mo kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, mo sì ṣàdúrà fún un kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Bí o bá pàdé rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, bá mi kí i, sọ fún un pé mo ní kí ó rántí ohun tí mo sọ nípa ikọ́ ìyàwó rẹ̀.

Mo lọ sí báǹkì náà bí o ti ní kí n lọ. Mo fi káàdì sí ẹ̀rọ ara ògiri lẹ́nu, ó gbé e mì, ó sì wò mí. Èmi náà wò ó. Ojú rẹ̀ funfun báláú, kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, Màámà, ẹ tẹ ohun tí ẹ bá rí. Mo ní n kò rí nǹkan kan, ṣé kí n máa tẹ òfìfo ni? Ó wá bá mi tẹ̀ ẹ́, owó jáde, n kò sì mọ ohun tí ó rí tí èmi kò rí. Mo rò pé ẹni tí ó bá wọ aṣọ iṣẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ náà máa ń dá lóhùn. Bá wọn sọ ọ́ níbẹ̀, kò dára bẹ́ẹ̀.

Ó yá, jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tí o béèrè. O ní ibo ni ọ̀rọ̀ bàbá rẹ àti àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wọn já sí. Ìwọ gan-an ni o dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kò sì yẹ kí o máa béèrè bí ẹni tí ó ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù kò tó nǹkan, káàdì ń tán, ìwọ náà sì ń sọ pé o wà ní ìpàdé.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti já bọ́ lórí àkàbà, kí a tó bí ọ, ni orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò ti ká dáadáa mọ́. Kò dí i lọ́wọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni yàrá fáìlì ilé iṣẹ́ omi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ wà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú. Kò sí oníbàárà tí bàbá rẹ kò mọ fáìlì rẹ̀, kò sí òṣìṣẹ́ tí ó ń pè é ní nǹkan mìíràn ju Bàbá Fáìlì lọ, ó sì wù ú kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀ ju orúkọ tí bàbá tirẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ìgbà tí òjò wọ yàrá náà lọ́jọ́ kan, tí ó lá ìdí àwọn fáìlì ìsàlẹ̀, ni ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Ó ní omi kì í gun àtẹ̀gùn. Òótọ́ ni. Orúnkún bàbá rẹ náà kì í gùn ún.

Sìmẹ́ǹtì ni àtẹ̀gùn náà, ó tóóró, ó gòkè, ó yà lójú fèrèsé kan, ó tún gòkè, kò sì ní ibi tí èèyàn lè fi ọwọ́ dì mú. Gbogbo ìgbà tí ọmọbìnrin agbowó omi bá fẹ́ fáìlì oníbàárà, bàbá rẹ á gùn ún lọ, á tún fẹ̀gbẹ́ sọ̀ ọ́ bọ̀ bí akàn, fáìlì lábíyá, ọwọ́ kejì lára ògiri, títí ògiri náà fi dúdú níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbà. Kí ó má baà di pé òun yóò máa sọ̀ kalẹ̀ wá tọ̀, kò mu omi mọ́ láti àárọ̀ títí iṣẹ́ fi máa parí. Ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ omi, òùngbẹ ni ó máa ń gbé wálé.

Gbogbo ọ́fíìsì ni ó ń rí i, kò sì sí ẹni tí ó la ẹnu. A kì í tojú oníka-mẹ́sàn-án kà á. Ọmọ tí a kọ́ ni gbogbo wọn. Wọ́n á dúró de fáìlì tí kò tètè dé, wọ́n á máa wo òkè àjà, bí ó bá sì dé, wọ́n á ní, Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o.

Nígbà náà ni o pè, tí o ní iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ sí níbẹ̀ gan-an nìyẹn. O ní bí nǹkan kan nínú ara òṣìṣẹ́ kò bá jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ọ̀dọ̀ rẹ ni ó máa ń wá, ẹ ó jọ jókòó, ẹ ó wo ohun tí a lè yí padà nínú iṣẹ́ náà, ìbáà ṣe àga, ìbáà ṣe àkókò, ìbáà ṣe yàrá. O ní ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ìtọrọ. O ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo sọ fún bàbá rẹ. Ó ní òun kò dákẹ́, òun ń mí.

O mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń ta oríkunkun lọ́jà ni, à bá ti fi ti bàbá rẹ kọ́ ilé alájà. Bí mo ti ń sọ èyí, ó ń mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ṣùgbọ́n n kò ní yọ ọ́ kúrò. Mo bá a sọ ọ́ láàárọ̀, mo bá a sọ ọ́ nírọ̀lẹ́, títí ó fi lọ gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọmọbìnrin tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Onífáìlì Pupa ni wọ́n ń pè é, nítorí fáìlì pupa kan tí ó máa ń gbá mọ́ àyà kiri bí ọmọ tuntun.

Ní ti fọ́ọ̀mù náà, ahun ni àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́, wọn kò fẹ́ ná tàdáwà. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí eèrà, wọ́n sì ń rìn. Bàbá rẹ ni ó kà á sókè fún mi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní kí ó sọ ohun tí ó ṣe ara rẹ̀. Ìkejì ní kí ó sọ iṣẹ́ tí kò lè ṣe. Mo ní kí ó dákẹ́ kíkà ná. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ibi mọ́ ara rẹ̀, tí yóò tún fọwọ́ sí i, tí yóò tún kọ déètì sí i, kí ibi náà má baà ṣìnà? Ọ̀rọ̀ náà ká bàbá rẹ lára pẹ̀lú. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ó ṣe é, ó kọ ọ́ pé ara òun le, ó dúpẹ́. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tí kò lè ṣe, ó kọ ọ́ pé kò sí, lágbára Ọlọ́run. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ó ń fẹ́ kí ọ́fíìsì ṣe fún òun, ó ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ rere wọn lọ.

Nísàlẹ̀, wọ́n ya àpótí kan sílẹ̀, wọ́n ní ti ọ́fíìsì nìkan ni. Bàbá rẹ ní èèyàn kì í kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo ní ṣé wọ́n máa fi àyè sílẹ̀ fún ọ́fíìsì, kí a wá fọwọ́ lẹ́rán, kí a má fi nǹkan kan ta ọ́fíìsì lọ́rẹ? Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọ́fíìsì náà má rí àgbákò, kí omi má gbẹ nínú páìpù wọn láéláé. Lójú tèmi, n kò tíì gbọ́ fọ́ọ̀mù tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Onífáìlì Pupa kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó pe bàbá rẹ sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé àga fún un. Ó ní, Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, báwo ni orúnkún? Bàbá rẹ ní a dúpẹ́. Ó ní ṣé ó máa ń dùn wọ́n? Bàbá rẹ ní ó ń sàn, Ọlọ́run ń bẹ. Ó ní àtẹ̀gùn yẹn ńkọ́? Bàbá rẹ ní à ń gùn ún. Ọmọ ọlọ́mọ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ. Kí ni kí ó tún ṣe? Ó béèrè, wọ́n dá a lóhùn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ìwé jáde pé wọ́n ti yẹ ìbéèrè Bàbá Fáìlì wò, wọn kò rí ìṣòro kankan, wọ́n sì bá a yọ̀ fún ara líle.

Bàbá rẹ mú ìwé náà wálé bí ẹni tí ó gba ẹ̀bùn. Àwa méjèèjì dúpẹ́. A ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé ó ti pẹ́ tí ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí kò lè tẹ̀ bọ́ bàtà rẹ̀.

Ọ̀gá kò mọ nǹkan kan nípa orúnkún. Ohun tí ó mọ̀ ni pé fáìlì kì í tètè dé, àwọn oníbàárà sì ń bú ọmọbìnrin agbowó lójú fèrèsé. Ó wá pe bàbá rẹ, ó fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ó ti ṣe gudugudu méje, kí ó lọ máa sinmi bí oṣù bá ti parí. Ó ní kí oṣù tó parí, wọn yóò gbé àga kan fún un sẹ́nu géètì, kí ó máa kí àwọn àlejò káàbọ̀, ẹlòmíràn yóò máa gbé fáìlì. Ọ̀gá náà kò ṣèkà. Àánú ni ó pè é, ó sì ní kí wọ́n fi tìmùtìmù sórí àga náà.

Bàbá rẹ jókòó sẹ́nu géètì. Àwọn àlejò kò mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Bí ó bá kí wọn, wọ́n á rò pé ó ń tọrọ nǹkan. Ọkùnrin kan ki owó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, Bàbá, ẹ má bínú, ohun tí ó wà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ọjọ́ yẹn ni bàbá rẹ dé ilé tí kò jẹun, tí kò bá mi jà, tí ó kàn fi owó náà sórí tábìlì, tí ó ń wò ó. Ó dùn mí, ọmọ mi. Ó dùn mí wọ eegun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ bàtà ìsìn mi, mo ní mò ń lọ bẹ ọ̀gá. Mo gba ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ kọjá lẹ́nu géètì, n kò kí i, ìgbà tí ó pè mí ni mo tó dáhùn. Mo ní n kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a jọ mọ ara wa ni. Mo gun òkè, wọ́n ní ọ̀gá kò sí nílé. Ìgbà tí mo ń sọ̀ bọ̀ ni mo rí i pé ẹni tí ó kọ́ àtẹ̀gùn náà kò mọṣẹ́, kò fi hàn rárá ibi tí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ wà, mo rò pé ilẹ̀ ni mo tẹ̀, àṣé ó ku ọ̀kan. Onífáìlì Pupa ni ó gbá mi mú. Fáìlì rẹ̀ já bọ́, ìwé fọ́n káàkiri.

Ó mú mi wọ yàrá rẹ̀, ó fún mi lómi, ó ní kí ni mo wá ṣe, Màámà? Mo ní mo kàn wá kí wọn ni. Ó wò mí títí. Ó ránṣẹ́ pe bàbá rẹ wọlé láti ẹnu géètì, ó sọ ohun tí ó ń dà á láàmú fún wa, ó ní ìwé sọ pé ara Bàbá Fáìlì le, fáìlì ń pẹ́, ọ̀gá fẹ́ kí ó máa lọ sílé, òun kò sì mọ èyí tí òun yóò gbà gbọ́. Ó tún béèrè, ó ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni orúnkún? Èmi àti bàbá rẹ jùmọ̀ ní, a dúpẹ́.

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bojú. Mo rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ni. Ó ní bàbá òun náà nìyẹn, ó ní orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ó wà tí dókítà bi í pé kí ni ó ṣe é, tí ó ní òun kàn yà wá wo dókítà ni, pé ó ti tọ́jọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tán, ó pa fáìlì pupa náà dé, ó tì í sábẹ́ àga. Ó wá bi bàbá rẹ léèrè bí ẹni tí ó ń tàkúrọ̀sọ, ó ní bí ẹ bá dé láàárọ̀, kí ni ẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe?

Háà, ọmọ mi, ẹni tí yóò bá bi bàbá rẹ léèrè iṣẹ́ rẹ̀, kí ó ti jẹun kí ó tó wá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́kọ́rọ́. Ó sọ bí òun ṣe ń ṣílẹ̀kùn, bí òun ṣe ń gbọn eruku, bí òun ṣe ń to àwọn tí ó máa ń sanwó lákòókò sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn onígbèsè. Ó ní òun á gbé àwọn tàná, òun á máa bá wọn gòkè lọ, bí òun bá dé ojú fèrèsé tí àtẹ̀gùn ti yà, òun á gbé wọn kalẹ̀ níbẹ̀, òun á dúró. Onífáìlì Pupa ní kí ni ẹ máa ń ṣe níbẹ̀? Bàbá rẹ ní òun máa ń dúró de orúnkún òun ni. Ó ní òun máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀, òun á ní sùúrù kí ó bá òun. Ó ní nígbà mìíràn kì í tètè dé. Ó ní lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, kì í wá rárá, òun nìkan ni òun máa ń lọ.

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ó máa ń pẹ́ lẹ́yìn, tí kò sì fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Kò fi ara rẹ̀ ré, kò pe ibi, irọ́ kan kò sì sí níbẹ̀. Mo mu omi mi.

Ọmọbìnrin náà wá ní, Bàbá, tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ to ọ́fíìsì yìí, ibo lẹ máa kó fáìlì sí? Àṣé ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ nínú bàbá rẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wọn gòkè. Ó ní àwọn tí wọ́n ń béèrè lójoojúmọ́, kí wọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé agbowó, lórí pákó tí ó ga ju ibi tí omi dé lọ. Àwọn ògbólógbòó fáìlì tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè, kí wọ́n máa gbé òkè, àwọn tí tábìlì wọn wà lókè á máa mú wọn bọ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Kí wọ́n kan irin mọ́ ògiri àtẹ̀gùn fún ọwọ́, kì í ṣe nítorí tòun o, ó ní nítorí àwọn obìnrin tí ó ń wọ bàtà gogoro ni. Onífáìlì Pupa kọ gbogbo rẹ̀, ó kà á padà fún un, ó ní ṣé bí ẹ ṣe sọ ọ́ nìyí? Bàbá rẹ tún un ṣe níbi ti bàtà gogoro.

Ó ní kí bàbá rẹ lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ dókítà, ó ní òun nìkan ni yóò kà á, yóò sì wà nínú dúrọ́ọ̀ tí òun ń tì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ bá ọ̀gá. Mo gbọ́ pé ọ̀gá kùn díẹ̀ nítorí owó pákó, ó sì ní kí ni ó tilẹ̀ ṣe Bàbá Fáìlì gan-an? Onífáìlì Pupa ní ọ̀rọ̀ pákó àti irin ni òun bá wá, ọ̀rọ̀ ara òṣìṣẹ́ kò sí lára rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Wọ́n gbà pé kí wọ́n fi dán an wò ná, kí gbogbo wọn tún pàdé kí wọ́n wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́. Fáìlì ń tètè dé báyìí. Wọ́n ti gbé àga kúrò lẹ́nu géètì, kò sì sí ẹni tí ó tún mẹ́nu ba ìsinmi. Tìmùtìmù ibẹ̀, bàbá rẹ gbé e wálé, ológbò ti gbà á.

Nítorí náà, ìwọ tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ nìyí, gbọ́ tèmi. Bí o bá bi àgbàlagbà pé báwo ni, ìkíni ni ó gbọ́, ìdáhùn ìkíni ni yóò sì fún ọ. Béèrè ohun tí ó máa ń ṣe láti àárọ̀, kí o sì fetí sí ibi tí ó bá ti dúró.

Bàbá rẹ ti wá fi ìbéèrè yìí gba gbogbo àdúgbò kan. Ó bi télọ̀ pé kí ni ó máa ń dúró dè, télọ̀ ní oníbàárà tí yóò sanwó ni. Mo ń fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi kàn mí. Kò bi mí nípa ojú o. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ ohun tí ǹ bá sọ. Ìrọ̀lẹ́ ni, mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní èé ṣe tí n kì í ṣà á nínú ilé mọ́? Ẹnu mi ti dá a lóhùn kí n tó mọ̀, mo ní mo ń dúró de ìmọ́lẹ̀ ni. Mo ní àárọ̀ máa ń pẹ́ kó tó mọ́ báyìí, ilẹ̀ sì ń tètè ṣú, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń gé ojúmọ́ kù. Bàbá rẹ bá mi ṣa ẹ̀wà náà tán, ó lọ mú bírò àti ìwé, ó ní kí n máa sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ fún ọ, òun á máa kọ ọ́.

Láti ìlà àkọ́kọ́ ni o ti rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni. Èyí tí èmi fi ọwọ́ ara mi kọ sí ọ kẹ́yìn, ó ní ó dá òun lójú pé ìlà rẹ̀ ń gun ara wọn lórí. O kò sọ ọ́ fún mi, nítorí ọmọ tí a kọ́ ni ọ́. O kàn pè, o ní, Màámi, ṣé ara le? Mo sì ní a dúpẹ́. Má bi mí bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹnu mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ jù. Bi mí pé ta ni ó kọ lẹ́tà yìí, n ó sọ fún ọ pé bàbá rẹ ni, látòkè délẹ̀, títí kan ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ oríkunkun rẹ̀. Mo ní kí ó kà á sí mi létí, kò yọ ọ́.

N kò béèrè owó òrùlé lọ́tẹ̀ yìí. Òrùlé ti mọ̀ ọ́n jò, ó lè dúró. Owó tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀ wálé, kí o mú mi lọ wo dókítà ojú, nítorí bàbá rẹ ní òun lè bá mi dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n òun kò lè bá mi dáhùn.

Ọ̀nà rẹ á là kí o tó dé ibẹ̀. Ohunkóhun tí o bá dúró dè, á bá ọ, kò ní pẹ́ lẹ́yìn. Ojú rẹ á rí ire, á sì rí i kedere.

Bàbá rẹ ti gbé bírò lé mi lọ́wọ́ báyìí, ó ní ibi orúkọ, ọwọ́ ara mi ni kí n fi kọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,



Ọmọ mi, èmi bàbá rẹ nìyí. Ó ti fọwọ́ sí i. Orí aṣọ tábìlì ni ó kọ ọ́ sí. Ó bi mí bóyá ó dára, mo ní ó dára púpọ̀. Tètè máa bọ̀.